Gàrí Láníkẹ́ àti Ohùn Màmá Tíṣà

Ọ̀nà Òkukù,
Inísà.
Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta, 2025.

Olúwatóyìn ọmọ mi, Àbẹ̀bí,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ ti ń dín kù? Ṣé ò ń jẹun, àbí búrẹ́dì lo ṣì fi ń tan ara rẹ? Àwa wà ní àlàáfíà níbí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. A ti dí ibi tí òrùlé ti ń jò. Ẹsẹ̀ mi náà ti fúyẹ́, torí náà má bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀.

Ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ. Fóònù mi wà nínú àpótí, mo ti pa á, má sì bi mí ní ìdí. Jemima tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà nítòsí ọjà Ìkìrun ló máa ya fọ́tò ìwé yìí, tó máa fi ránṣẹ́ sí ọ. Tí o bá fẹ́ dáhùn, fi ránṣẹ́ sí i, yóò tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi. Kó má sì kà á o! Jemima, tí o bá ń ka ibí yìí, mo ti rí ọ.

Iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ rán ọ. O rántí Láníkẹ́ tó ń yan gàrí ní Eko Ende? Èmi ni mo kọ́ òun náà níwèé ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ tó máa ń jókòó síwájú tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Gàrí rẹ̀ ni ìdajì Ìkìrun, Inísà àti Òkukù ń jẹ. Ọ̀rọ̀ kan wá jáde lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn pé ó ń da oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko sí ẹ̀gẹ́ kó lè tètè kan. Wọ́n ní ọmọ ìyá méjì jẹ gàrí náà ní Igbaye, àwọn méjèèjì sì kú.

Ìwọ náà mọ bí a ṣe rí. Tí wọ́n bá ní ọ̀fọ̀ ṣẹ ẹnì kan, a kì í jókòó sílé. Èmi àti ìyá mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa gbé páálí búrẹ́dì kan àti mínírà, a wọ mọ́tò lọ sí Igbaye láti bá olóòkú kẹ́dùn. A débẹ̀, a ní kí wọ́n fi ilé àwọn tí ọmọ wọn kú hàn wá. Wọ́n ní ọmọ wo? A lọ sí ilé ìlera, nọ́ọ̀sì ní òun ò gbọ́ irú rẹ̀. Bàbá àgbà kan wá gbaná jẹ, ó ní ṣé a wá fi ẹnu pa ọmọ àwọn ni, ká gbé búrẹ́dì wa, ká máa lọ. A gbé e, a sì lọ. Kí n sọ òótọ́ fún ọ, a jẹ ẹ́ tán nínú mọ́tò.

Irọ́ gbuu ni, Tóyìn. Ṣùgbọ́n irọ́ náà ti di fídíò, wọ́n ti fi àwòrán ọmọ méjì kan sí i, ó ń kiri. Jemima ní iye èèyàn tó ti wò ó ju gbogbo èèyàn Inísà lọ. Láníkẹ́ ò rí tà mọ́. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Òkukù dá gàrí tí wọ́n ti rà padà fún un. Àpò kún yàrá rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ òrùlé, àwọn obìnrin mẹ́fà tó ń bá a bó ẹ̀gẹ́ ti jókòó sílé wọn.

O sọ fún mi pé iṣẹ́ rẹ lókè òkun ni pé kẹ́ ẹ máa yọ ohun burúkú kúrò lórí fóònù àwọn èèyàn. Ó dáa. Yọ èyí. Má fi falẹ̀, ọmọ yẹn ò jẹ̀bi nǹkan kan.

Kí Olúwa máa ṣọ́ ọ.

Ìyá rẹ,
Ìyábọ̀dé.


Dublin.
Ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta, 2025.

Màmá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú ara. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí. Mò ń jẹun, gàrí ni mo tilẹ̀ mu lánàá, ẹ̀pà ni mi ò rí. Jemima ní kí n kí yín. Ó ní òun ò ka lẹ́tà yín rárá, pé ìgbà tí òun dé ibi tí ẹ ti jẹ búrẹ́dì olóòkú nìkan ni ẹ̀rín pa òun.

Ṣùgbọ́n Màmá, ẹ ti pa fóònù fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ wá ní kí n má bi yín ní ìdí? Mo pè títí ó sú mi. Mo ti ń ro oríṣiríṣi. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún dán irú ẹ̀ wò.

Ní ti iṣẹ́ tí ẹ rán mi, kì í ṣe pé mo ní bọ́tìnì kan lábẹ́ tábìlì tí mo lè tẹ̀ kí ohun tí kò wù mí pòórá. Ilé-iṣẹ́ tó ni òpó ayélujára tí fídíò náà wà ló gbéṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ tí mo wà. Ohun tí àwọn èèyàn bá fẹjọ́ rẹ̀ sùn ló ń wá síwájú wa, a ó wò ó bóyá ó lòdì sí òfin tí wọ́n kọ fún wa. Àwa tí a gbọ́ Yorùbá ò ju méjì lọ, èmi àti ọmọ Oǹdó kan tó ń jẹ́ Olúwafẹ́mi. Èèyàn méjì péré fún gbogbo ohun tí Yorùbá ń sọ lójúmọ́! Tí ọ̀rọ̀ bá sì kan ẹbí ẹni, a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Mo ti ní kí Jemima fi fídíò náà ránṣẹ́ sí mi, kí n wò ó. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ẹ bá mi kí Àǹtí Láníkẹ́. Ẹ ní kí wọ́n ṣe ọkàn gírí.

Ọmọ yín,
Tóyìn.


Dublin.
Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹta, 2025.

Màmá,

Ẹ kú àárọ̀. Mo ti wo fídíò náà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo wò ó.

Mi ò mọ àwọn ọmọ tó wà nínú àwòrán. Ohùn tó ń sọ̀rọ̀ ni mo mọ̀. Ohùn yẹn ló kọ́ mi ní A, B, D. “Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ kú àárọ̀ o, ẹ tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, ọ̀rọ̀ pàtàkì rèé.” Ta ló tún ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Odò-Ọ̀tìn?

Ẹ ní “ọ̀rọ̀ kan jáde lórí fóònù.” Ẹnu yín ló ti jáde, Màmá. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?

Mò ń retí yín.

Tóyìn.


Dublin.
Ọjọ́ ogún oṣù Kẹta, 2025.

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Jemima ní ẹ ò yà ní ṣọ́ọ̀bù òun mọ́. Tí ẹ bá ń bínú, ẹ kọ̀wé bú mi, mo máa gbà á. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ló ń já mi láyà.

Ọmọ yín ni mo ṣì jẹ́.

Tóyìn.


Inísà.
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta, 2025.

Olúwatóyìn,

Mo rí lẹ́tà rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà. Nígbà tí Jemima ò rí mi, ó gun ọ̀kadà kó wọn wá bá mi nílé.

Inú bí mi. Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? “Ẹnu yín ló ti jáde.” Ìwọ tí mo fẹnu pè ní orúkọ lọ́jọ́ kẹjọ! Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi bínú, mo ń dá sọ̀rọ̀ nílé bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo rí i pé ìwọ kọ́ ni mò ń bínú sí.

O mọ̀ pé láràárọ̀ ni mo ń kàwé fún àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì. Púpọ̀ nínú wọn ò mọ̀wé. Ẹni tí ilé ìwòsàn fún níwèé, ẹni tí ọmọ rẹ̀ kọ nǹkan sí, ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi. Èmi á kà á sórí fóònù, á sì fi ohùn náà sínú gúrúùpù kí gbogbo wọn lè gbọ́. Ọdún karùn-ún rèé tí mo ti ń ṣe é, inú mi sì máa ń dùn sí i, mi ò ní purọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Adédùntán, ọ̀kan nínú wọn, fi ọ̀rọ̀ gígùn kan ránṣẹ́, ó ní, “Màmá Tíṣà, ẹ bá wa ka èyí.” Mo kà á. Mo dúró níbi tó yẹ kí n dúró, mo gbóhùn sókè níbi tó yẹ kí n gbé e sókè. Kò tilẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn pé Láníkẹ́ tí mo mọ̀ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Wọ́n ní kí n kà, mo kà, ó tán.

Ọjọ́ kẹta ni a lọ sí Igbaye. Nígbà tí a padà délé, ó yẹ kí n gbé fóònù lójú ẹsẹ̀, kí n sọ fún wọn pé irọ́ ni. Ojú tì mí. Mo ní kí n fi í di ọjọ́ Ìsinmi. Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi dé, mo tún ń sọ ọ́ lọ́kàn pé ó máa rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwa márààrún tí a jẹ búrẹ́dì yẹn, kò sí ẹni tó la ẹnu. Ọjọ́ Ajé ni fídíò jáde, ohùn mi ni wọ́n gbé sí i látòkè délẹ̀.

Láníkẹ́ wá bá mi nílé. Kò pariwo. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn ti ń kiri tó ọ̀sẹ̀ kan kí n tó kà á, kò sẹ́ni tó kà á sí, oníbàárà òun ń wá. Ó ní ìgbà tí wọ́n gbọ́ ohùn mi ni wọ́n ní òótọ́ ni. Ó wá wò mí, ó ní, “Ìyá, ẹ mọ ilé mi. Ẹ ti jẹun níbẹ̀ rí. Kí ló dé tí ẹ ò wá bi mí?”

Nígbà tó jáde ni mo pa fóònù.

Ọ̀rọ̀ ti wá le sí i. Àwọn àgbà Eko Ende ní Láníkẹ́ ló ba orúkọ ìlú jẹ́, pé èèyàn ò ra gàrí kankan lọ́wọ́ àwọn mọ́. Wọ́n fún un di ìparí oṣù Kẹrin kó kó ẹ̀rọ tó fi ń rin ẹ̀gẹ́ kúrò. Kí ni ìjọba wa ń ṣe ná? Kí wọ́n ṣe òfin, kí ẹni tó bá gbé irọ́ sórí fóònù lọ sẹ́wọ̀n! Kí wọ́n kó gbogbo wọn!

Gba mí nímọ̀ràn. Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ báyìí, kò kù síbì kan.

Ìyá rẹ,
Ìyábọ̀dé.


Dublin.
Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin, 2025.

Màmá mi, Ìyá Tóyìn,

Mo dọ̀bálẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ni mí. Ẹ má bínú sí ẹnu mi. Mo sunkún nígbà tí mo dé ibi tí Àǹtí Láníkẹ́ ti bi yín ní ìbéèrè yẹn.

Ẹ̀wọ̀n tí ẹ ń sọ yìí, ẹ rò ó dáadáa o. Ẹni tó ṣe fídíò náà ò lórúkọ, kò lójú. Ẹ̀yin lẹ lóhùn. Tí òfin yẹn bá jáde lónìí, Inísà ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ yà. Irú òfin bẹ́ẹ̀ tún máa ń dùn mọ́ àwọn aláṣẹ nínú, ẹni tó bá sọ òótọ́ tí kò wù wọ́n náà ni wọ́n á fi mú. Òfin ti ibí yàtọ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ni òpó ni wọ́n dojú òfin kọ. Tí mo bá fẹjọ́ sùn, wọ́n gbọ́dọ̀ dá mi lóhùn, kí wọ́n sọ ìdí tí wọ́n fi ṣe ohun tí wọ́n ṣe, tí kò bá sì tẹ́ mi lọ́rùn, kí wọ́n tún ẹjọ́ náà wò. Kò pé, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí wọ́n gbé ìyá mi lọ.

Èmi tí mò ń gbé níbí ti fi orúkọ ara mi fẹjọ́ sùn. Wọ́n dáhùn lọ́jọ́ kejì pé fídíò náà ò lòdì sí òfin àwọn. Èmi tí mo mọ bí inú ilé ṣe rí, mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ló wò ó, ẹ̀rọ náà ò sì gbọ́ Yorùbá.

Ọ̀nà àbùjá kan wà. Wọ́n ní fọ́ọ̀mù kan fún ẹni tí wọ́n bá fi kọ̀ǹpútà sín ohùn rẹ̀ jẹ. Wọ́n á bi yín pé, “Ṣé ohùn yìí kì í ṣe tiyín?” Ẹ ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ó fọwọ́ sí i. Fídíò á lọ láàárín ọjọ́ méjì. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lóde òní, wọ́n á gbà yín gbọ́. Àǹtí Láníkẹ́ á bọ́, orúkọ yín náà á mọ́. Mo ti kọ gbogbo ohun tó yẹ sí i, ìfọwọ́sí yín nìkan ló kù. Ó wà lọ́dọ̀ Jemima.

Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ẹ kàn fọwọ́ sí i.

Ọmọ yín,
Tóyìn.


Inísà.
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹrin, 2025.

Àbẹ̀bí mi,

Kí ni ìròyìn? Ṣé ara le? Mo rí fọ́ọ̀mù rẹ. Mo lọ sí Ìkìrun fúnra mi, mo jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù Jemima, mo mú pẹ́ẹ̀nì. Jemima náà ń bẹ̀ mí, “Ẹ fọwọ́ sí i, Màmá, ta ló máa mọ̀?” Mo ti kọ Ì, mo ti kọ y.

Mo wá rò ó. Tí mo bá ní ohùn yẹn kì í ṣe tèmi, ohùn wo ni mo máa wá fi sọ fún wọn pé gàrí Láníkẹ́ dára? Wọ́n á ní kọ̀ǹpútà ni. Àwọn ogójì obìnrin tó gbọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ńkọ́? Wọ́n mọ̀ pé èmi ni. Ṣé kí n kó gbogbo wọn jọ, kí n máa kọ́ wọn ní irọ́ tí a ó jọ máa pa? Mo ti fi ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́ta kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo fa fọ́ọ̀mù náà ya. Jemima figbe ta bí ẹni pé owó ni mo ya.

Ìwọ náà, wá gbọ́. Torí pé o fẹ́ràn mi lo ṣe ṣe é, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ tí wọ́n gbà síṣẹ́ pé kí irọ́ má ráyè, ìwọ lo jókòó tí ò ń bá mi kọ irọ́ sílẹ̀, tí o tún fi ibi ìfọwọ́sí sílẹ̀ fún mi. Tóyìn! Ká ní kíláàsì mi ni, ẹsẹ̀ kan lo máa fi dúró.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe rèé. Mò ń lọ sórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ níbí. Ọjọ́ Àjíǹde, màá lọ sí ẹ̀ka wa ní Ìkìrun. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Òkukù. Mo fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Mo ti ní kí Láníkẹ́ bá mi lọ, kò tíì dá mi lóhùn.

Ìwọ, tún ẹjọ́ náà kọ. Kọ ọ́ pé èmi Ìyábọ̀dé ni mo ni ohùn náà, pé èmi ni mo kà á, pé mo dé Igbaye, mi ò bá òkú kankan níbẹ̀, pé irọ́ ni mo kà. Jemima á fi ìwé tí mo fọwọ́ sí ránṣẹ́ pẹ̀lú èyí. Èyí ni mo lè fọwọ́ sí.

Ìyá rẹ,
Ìyábọ̀dé.


Dublin.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹrin, 2025.

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Mo ti fi ẹsẹ̀ kan dúró nínú yàrá mi. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ṣe é, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, ẹ sì jàre mi.

Lọ́jọ́ kejì tí mo rí lẹ́tà yín, mo lọ bá ọ̀gá mi. Mo ní fídíò kan wà, ìyá mi ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, èmi ni mo sì fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Kò tíì rí irú ẹ̀ rí. Wọ́n ti yọ mí kúrò lórí iṣẹ́ Yorùbá títí wọ́n á fi yẹ ọ̀rọ̀ mi wò. Ó lè já sí pé kí wọ́n ní kí n máa lọ, Màmá, kí n má tàn yín. Ṣùgbọ́n mo sùn dáadáa.

Mo ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Mo fi ìwé yín sí i. Mo ní kí wọ́n fún ẹni tó gbọ́ Yorùbá kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ, kí wọ́n sì kọ ìdí ìpinnu wọn fún mi. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá tí kì í ṣe èmi, Olúwafẹ́mi nìkan ló kù. Wọ́n ti kìlọ̀ fún àwa méjèèjì pé a ò gbọdọ̀ sọ ọ́. Tí a bá pàdé níbi oúnjẹ, òun á máa wo ògiri, èmi náà á máa wo ògiri.

Báwo ni ti Inísà ṣe lọ? Ṣé Àǹtí Láníkẹ́ bá yín lọ? Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kí n tó gbọ́.

Ọmọ yín,
Tóyìn.


Inísà.
Ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, 2025.

Tóyìn ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́ níbẹ̀, ìwọ àti ògiri rẹ. Má fòyà. Tí wọ́n bá ní kí o máa lọ torí pé o sọ òótọ́, ilé rèé, mo ṣì lè bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n wọn ò ní lé ọ.

Inísà rọrùn jù. Mo sọ ọ́ tán, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń dì mọ́ mi, “Kì í ṣe ẹ̀bi yín, Màmá.” Ó bí mi nínú. Mo ní ẹ̀bi mi ni, ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi. Ní Ìkìrun, àwọn kan ní kí n kàn sọ pé àṣìṣe kékeré ni, torí ọjọ́ Àjíǹde ni, kí inú èèyàn lè dùn. Mo ní àpò gàrí tó wà nílé Láníkẹ́ ò kéré. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan búrẹ́dì. Wọ́n rẹ́rìn-ín níbẹ̀, wọn ò sì rẹ́rìn-ín mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Òkukù ni iṣẹ́ wà. Láníkẹ́ bá mi lọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò wọlé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ̀rọ̀ tán. Obìnrin kan dìde, Ìrètí ni wọ́n ń pè é, alágbàtà gàrí, òun ló kọ́kọ́ dá àpò padà fún Láníkẹ́. Ó ní, “Màmá Tíṣà, ẹ ní oògùn wà nínú rẹ̀, a gbà. Ẹ tún dé, ẹ ní kò sí, ẹ ní ká gbà. Tó bá di oṣù tó ń bọ̀, kí lẹ tún máa ní ká gbà?”

Ẹ gbà mí! Tóyìn, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ ló fò lọ. Àwọn èèyàn ń wò mí. Mo wá gbọ́ tí mo ń sọ pé, “Ìrètí, má gbà. Má gba èyí tí mo sọ lọ́jọ́sí, má gba ti òní. Láníkẹ́ ló dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn. Eko Ende ò jìnnà. Ẹ lọ wò ó.”

Láníkẹ́ wọlé nígbà náà. Ó ní, “Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, láàárọ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀, kó mú ọ̀bẹ dání. Mi ò ní ẹni tó ń bá mi bó ẹ̀gẹ́.” Ó yí padà, ó jáde.

Obìnrin mọ́kànlá ló wá. Ìrètí ló ṣáájú, ojú rẹ̀ le koko. Wọ́n bá a bó ẹ̀gẹ́, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n dúró ti ẹ̀rọ nígbà tó ń rin ín, wọ́n wo inú gbogbo agbada tó fi ń yan gàrí. Ó fi èyí tó ti wà lábẹ́ òkúta fún ọjọ́ mẹ́rin hàn wọ́n, wọ́n fi ìka tọ́ ọ wò bó ṣe kan. Wọ́n bá a sẹ́ ẹ, wọ́n bá a yan án. Ìrètí lọ tú gbogbo ẹ̀yìn ilé, ó ń wá ìgò oògùn. Ìgò epo ló rí. Nígbà tí èyí tí wọ́n yan tutù, ó bu ìkúnwọ́ kan, ó jẹ ẹ́ lásán láìbomi sí i. Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu, ó ní òun fẹ́ àpò mẹ́ta. Àwọn tó kù náà rà. Àwọn àgbà ìlú tó wá wò bóyá ó ti ń kó ẹ̀rọ kúrò bá mọ́tò Òkukù tí wọ́n ń di ẹrù sí. Wọ́n jókòó díẹ̀. Wọ́n ní kò burú, kí ẹ̀rọ ṣì wà níbẹ̀.

Láníkẹ́ ò bá mi sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ náà. Ó kí mi nígbà tí mo dé, ó kí mi nígbà tí mo ń lọ.

Ìyá rẹ,
Ìyábọ̀dé.


Dublin.
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Karùn-ún, 2025.

Màmá mi, Màmá mi, Màmá mi!

Ẹ kú oríire! Ó ti lọ. Wọ́n ti yọ ọ́ láti àná. Ẹ ní kí Jemima wá a, kò ní rí i. Wọ́n sì kọ ìdí, mo tú u sí Yorùbá fún yín: “Ẹni tó ni ohùn inú fídíò náà jẹ́rìí pé òun ló sọ̀rọ̀, pé ohun tí òun sọ kì í ṣe òótọ́, àti pé a lo ohùn òun láìgba àṣẹ. Ẹni tó gbọ́ èdè náà yẹ̀ ẹ́ wò, a sì rí i pé ó lè mú ìpalára bá ẹni tí wọ́n dárúkọ rẹ̀.”

Àwọn ẹlòmíràn ṣì lè ní i lórí fóònù wọn, a ò lè yọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí lójú ọjà mọ́.

Wọ́n dá mi padà sórí iṣẹ́ Yorùbá láàárọ̀ yìí. Ọ̀gá mi ní àwọn ń wá èèyàn mẹ́ta sí i tó gbọ́ èdè wa. Olúwafẹ́mi bá mi níbi oúnjẹ, kò wo ògiri mọ́. Ó ní, “Ohùn ìyá rẹ dùn. Ó dà bíi pé wọ́n ń wàásù fún mi nínú fídíò yẹn, mo fẹ́ẹ̀ lọ wá Bíbélì mi.”

Ẹ tan fóònù yín báyìí, mo fẹ́ gbọ́ yín. Ẹ sọ fún Àǹtí Láníkẹ́ kíákíá!

Ọmọ yín tó ń jó,
Tóyìn.


Inísà.
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Karùn-ún, 2025.

Àbẹ̀bí mi, ọmọ tó tó ọmọ,

O káre. Inú mi dùn débi pé mo ka lẹ́tà rẹ sókè fún Jemima, ẹni tó ti kà á tẹ́lẹ̀. Bá mi kí Olúwafẹ́mi, sọ fún un pé mo ní kó máa ka Bíbélì rẹ̀. Mo ti tan fóònù. Pè mí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Mo mú lẹ́tà rẹ lọ sí Eko Ende. Mo rò pé Láníkẹ́ máa fò sókè. Ó kà á, ó ṣẹ́ ẹ po, ó dá a padà fún mi. Ó ní, “Ẹ ṣeun, Ìyá. Tóyìn ṣeun.” Lẹ́yìn náà ó ní mẹ́rin péré ló padà nínú àwọn obìnrin mẹ́fà tó ń bá òun bó ẹ̀gẹ́. Àwọn méjì ti ríṣẹ́ síbòmíràn, wọn ò dúró dè é mọ́. Àpótí ìjókòó méjì wà níbẹ̀ lófo.

Kò ní kí n jókòó. Mo jókòó. Mo ká ọwọ́ aṣọ mi sókè, mo gba ọ̀bẹ. Ṣé o mọ̀ pé n kò bó ẹ̀gẹ́ tó kún agbọ̀n rí láyé mi? Ṣọ́ọ̀kì ni ọwọ́ mi mọ̀. Àwọn mẹ́rin yẹn ń fojú yẹ̀ mí wò, wọ́n ń pa ẹ̀rín mọ́nú. Ìka mi bó, mo ń bá a lọ. Nígbà tó di ọ̀sán, mo ti bó agbọ̀n kan kún, ìdùnnú ti fẹ́ pa mí, mo ní kó wá wò ó.

Láníkẹ́ wá. Ó lóṣòó ti agbọ̀n, ó ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń wo ìwé rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Ó yọ mẹ́ta sọ́tọ̀, ó kó wọn lé mi lẹ́sẹ̀.

Ó ní, “Ìyá, ẹ tún ìwọ̀nyí bó. Èèpo ṣì wà lára wọn.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà,” mo sì mú ọ̀bẹ.

Ìyá rẹ,
Ìyábọ̀dé.